Ìwé Tí Màmá Kò Fọwọ́ Sí

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Èmi ni mo ń gba owó àjọ fún àwa obìnrin méjìlá kan níhìn-ín ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan nínú wa kó àjọ tirẹ̀ ní oṣù Kẹta. Bó ṣe di oṣù Kẹrin, kò dá mọ́. A pè é títí, kò gbé e. Nígbà tá a dé ilé tá a mọ̀ ọ́n sí, ẹlòmíì ló ṣílẹ̀kùn fún wa. Àwa tó kù la wá owó dí àlàfo náà, torí pé ẹni tó kàn láti kó o kò ṣẹ̀ wá, kò sì yẹ kó jìyà. Nígbà tá a máa bẹ̀rẹ̀ ti ọdún yìí, mo tẹ ìwé àdéhùn kan: orúkọ, iye tí oníkálukú máa dá, oṣù tó máa kó o, àyè ìbuwọ́lù nísàlẹ̀.

Àwọn mẹ́wàá buwọ́ lù ú láìjanpata. Ó wá ku Màmá, ẹni tó dàgbà jù nínú wa, tí owó wọn kò pẹ́ rí láti ọdún mọ́kàndínlógún tá a ti ń dá àjọ yìí. Wọ́n wọ dígí wọn, wọ́n kà á láti òkè délẹ̀, wọ́n ká a sí méjì, wọ́n dá a padà fún mi. Wọ́n ní, "Mo ti sọ fún ọ pé màá dá a. Kí ni ìwé tún fẹ́ sọ tí ẹnu mi ò tíì sọ?" Ohùn wọn kò le. Wọ́n mu tíì wọn tán, wọ́n gbé báàgì, wọ́n lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà ni alẹ́ kan tí mi ò sí níbẹ̀ ti ń padà wá sọ́kàn mi, alẹ́ tí ìbò kan ṣoṣo gbé ìjọba ṣubú ní Westminster, ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó fẹ́ràn òṣèlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń sọ ọ́ bí ìtàn ẹni tó ṣẹ́gun àti ẹni tó fìdí rẹmi. Èmi ò lè gbé ojú kúrò lára ọkùnrin méjì kan tí wọ́n ti ṣèlérí fún ara wọn.

## Wọ́n ń ka orí

Ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1979 ni. James Callaghan ni olótùú ìjọba, ẹgbẹ́ Labour tó ń darí kò sì ní ọmọ ilé tó pọ̀ tó láti dá nǹkan kan ṣe mọ́. Lọ́jọ́ kìíní oṣù náà, àwọn ará Scotland dìbò lórí bóyá kí wọ́n ní ilé aṣòfin tiwọn. Àwọn tó fẹ́ ẹ ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n òfin ti ní àfi kí wọ́n tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, wọn kò sì tó bẹ́ẹ̀. Inú bí àwọn aṣòfin mọ́kànlá tó jẹ́ ti SNP, ẹgbẹ́ tó ń fẹ́ kí Scotland dá dúró, wọ́n ní àwọn kò bá ìjọba ṣe mọ́. Margaret Thatcher, olórí ẹgbẹ́ Conservative, rí àyè. Ó gbé àbá wá pé kí ilé kéde pé òun kò gbẹ́kẹ̀ lé ìjọba náà mọ́. Bí àbá yẹn bá wọlé, ìdìbò gbogbogbò ti dé nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa já sí, nítorí náà orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà. Aṣòfin mẹ́ta láti Wales, ti ẹgbẹ́ Plaid Cymru, dúró ti ìjọba nítorí pé ó gbà láti san owó gbà-má-bínú fún àwọn tí eruku òkúta ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Frank Maguire, oníléèọtí kan láti Àríwá Ireland tí kò sí lẹ́gbẹ́ kankan, tí wọn kì í sábà rí nílé aṣòfin, sọdá òkun wá, ó sì ní òun wá fúnra òun láti wá sọ pé òun ò dìbò. Gerry Fitt, tó ti bá Labour rìn tipẹ́, kò lè bá wọn dìbò mọ́ nítorí ọwọ́ tí ìjọba fi mú àwọn èèyàn rẹ̀ ní Àríwá Ireland.

Orí kan ṣoṣo ló kù tí kò sí níbẹ̀. Sir Alfred Broughton ti ń ṣojú Batley and Morley ní Yorkshire láti ọdún 1949. Dókítà ni, "Doc" ni wọ́n sì ń pè é. Ó ti di ẹni ọdún 76, àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀. Àṣà ilé aṣòfin nígbà náà ni pé bí wọ́n bá ti gbé aláìsàn wọ inú ọgbà, kódà kó wà nínú ọkọ̀ aláìsàn, ẹnì kan máa jáde lọ wò ó, wọ́n á sì ka ìbò rẹ̀ mọ́ ti àwọn tó kù. Broughton ṣe tán láti wá. Àwọn dókítà ní ó lè kú sójú ọ̀nà. Callaghan ní kí wọ́n má gbé e wá.

Bí mo bá ń ka ìtàn yìí, mo máa ń dúró níbẹ̀ yẹn fún ìgbà díẹ̀. Olótùú ìjọba mọ̀ pé orí kan lè gba òun là. Ó mọ ilé tí orí náà wà. Ó fi í sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

## Aránṣọ àti oníṣẹ́ iná

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àwọn tó ń ṣọ́ ìbò fún un, àwọn tí wọ́n ń pè ní whip. Iṣẹ́ wọn ni láti mọ ibi tí aṣòfin kọ̀ọ̀kan wà, ohun tó ń dùn ún, ohun tó ń wá, kí wọ́n sì rí i pé ó dìbò bí ẹgbẹ́ ṣe fẹ́. Igbákejì olórí àwọn whip Labour ni Walter Harrison, aṣòfin Wakefield. Oníṣẹ́ iná mànàmáná ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tó wà ní irú ipò yẹn lọ́dọ̀ Conservative ni Bernard Weatherill. Ìdílé aránṣọ ló ti wá, òun náà sì kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ó máa ń gbé irin tí àwọn aránṣọ fi ń bo orí ìka sínú àpò rẹ̀, kó má bàa gbàgbé ibi tó ti ṣẹ̀ wá.

Ojoojúmọ́ ni àwọn méjèèjì ń du ìbò mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ojoojúmọ́ náà sì ni wọ́n ń bá ara wọn ṣàdéhùn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni àdéhùn méjì-méjì: bí aṣòfin kan bá ń ṣàìsàn, tàbí ọ̀ràn tó le gbé e lọ, ẹnì kan lápá kejì á fà sẹ́yìn, òun náà ò ní dìbò, kí ẹnikẹ́ni má bàa jèrè àìsàn ẹlòmíì. Àdéhùn náà kò sí nínú ìwé òfin. Kò sílé ẹjọ́ tí èèyàn lè gbé e lọ. Ẹnu ni wọ́n fi so ó, ẹnu náà ló dì í mú.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Harrison lọ bá Weatherill. Ó rán an létí àdéhùn wọn lórí àwọn aláìsàn, ó ní kó wá ẹnì kan tó máa fà sẹ́yìn nítorí Broughton. Weatherill dáhùn pé àdéhùn náà kò sí fún irú ìbò yìí. Òótọ́ ló sọ. Ìbò tó lè lé ìjọba lọ kì í ṣe ti ojoojúmọ́, kò sì sí ọmọ ẹgbẹ́ Conservative kan tó máa gbà láti jókòó sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ì bá ti parí síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì bá sì dá Weatherill lẹ́bi.

Ó tún rò ó wò. Ó ní ṣùgbọ́n òun ti ṣèlérí, àti pé bí kò bá sí ẹlòmíì, òun fúnra òun ni kò ní dìbò. Ó mọ ohun tó ń sọ. Òun tó ń kó ọmọ ẹgbẹ́ jọ ló fẹ́ jẹ́ ẹni tí ìbò rẹ̀ máa wọ́n lálẹ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń retí. Ibi tí ìrìnàjò òṣèlú rẹ̀ máa parí sí nìyẹn, kò sì sí àwíjàre kankan tó lè sọ fún Thatcher lọ́jọ́ kejì tí á tà.

Harrison dúró síwájú rẹ̀. Ìjọba tó ń sìn, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa pàdánù iṣẹ́, gbogbo òru tó ti fi ń lé ìbò kiri láti ọdún yìí wá, gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Kò ní láti purọ́. Kò ní láti jí nǹkan kan. Kó ṣáà ti sọ pé "ó dáa" ni. Ó ní rárá. Ó ní òun ò lè gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe tán láti fi gbogbo ohun tó ní mú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣẹ. Ó tú Weatherill sílẹ̀ nínú ìlérí náà.

Wọ́n dìbò. 311 ló lòdì sí ìjọba, 310 ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ká ní Weatherill jókòó ni, ì bá jẹ́ 310 sí 310, abẹnugan ilé ì bá já a, àṣà sì ni pé abẹnugan kì í fi ìbò tirẹ̀ nìkan lé ìjọba lọ. Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn náà, Broughton kú. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún, Thatcher wọlé ìbò. Ó di ọdún 1997 kí Labour tó tún padà sórí ìjọba.

## Ta ló mú ìlérí ṣẹ?

Àwọn kan ní Harrison kò gbọ́n. Mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tí wọ́n ń sọ. Agbègbè awakùsà ni Wakefield tó ń ṣojú fún. Ní 1984 sí 1985, àwọn awakùsà bá ìjọba Thatcher jà fún ọdún kan gbáko, wọ́n sì fìdí rẹmi. Lẹ́yìn ìyẹn, kòtò èédú lórí kòtò èédú ni wọ́n ń tì. Mi ò lè dúró níwájú ọkùnrin tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Yorkshire kí n sọ fún un pé ohun tí àwọn méjì sọ fún ara wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ohun tó pàdánù. Kò tó o. Ẹni tó bá ní kí Harrison gba ìbò náà ní ẹjọ́ tó ṣeé gbọ́.

Síbẹ̀, ìbéèrè tó ń dà mí láàmú yàtọ̀ sí ìyẹn. Nínú àwọn méjèèjì, ta ló mú ìlérí ṣẹ? Weatherill dìbò, nítorí náà ohun tó ṣèlérí kò wáyé. Harrison kò gba ohun tó wá gbà. Bá a bá fi ìwé ka ọ̀rọ̀ náà, àdéhùn já. Bá a bá sì fojú Yorùbá wò ó, mi ò tíì gbọ́ ibi tí àdéhùn ti dúró dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ burúkú la sábà ń lo òwe yìí fún, pé kéèyàn ṣọ́ ẹnu. Ṣùgbọ́n ìlérí náà ẹyin ni. Weatherill dì í mú lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì gbé gbogbo ohun tó ní sílẹ̀ kó má bàa já bọ́. Harrison rí i pé ọwọ́ ọkùnrin náà ń gbọ̀n, ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ kó fọ́. Ohun tó ń jẹ́ ìmùlẹ̀ nìyẹn lójú tèmi: kí n máa ṣọ́ iyì rẹ bí o ṣe ń ṣọ́ tèmi, àní nígbà tá a bá ń du nǹkan kan náà.

Ohun kan wà tí mi ò lè fi pa mọ́. Ilé tí irú ọ̀rọ̀ ẹnu bẹ́ẹ̀ ti níye lórí, ilé àwọn tó mọ ara wọn ni. Nínú ọmọ ilé 635 tí wọ́n dìbò yàn ní oṣù Kẹwàá ọdún 1974, obìnrin 27 péré ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹnì kankan tó jọ mí. Ọ̀rọ̀ ẹnu dára fún ẹni tó ti wà nínú agbo. Ìwé ni ẹni tó ń bọ̀ láti òde fi ń wọlé. Èmi tí mo fi ìwé wọ ìlú yìí, tí mo tọ́jú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì bí ẹni ń tọ́jú ẹ̀mí, mi ò ní bú ìwé láé.

## Ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan

Àdéhùn méjì-méjì yìí kò kú ní 1979. Ó ń bá a lọ títí di ọdún 2018, nígbà tí ìjọba Theresa May náà kò ní ọmọ ilé tó pọ̀ tó, tó ń gbára lé aṣòfin mẹ́wàá ti ẹgbẹ́ DUP láti Àríwá Ireland, tí ọ̀rọ̀ bí Britain ṣe máa kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sì ti pín gbogbo ilé yẹ́lẹyẹ̀lẹ.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje, Jo Swinson ti ẹgbẹ́ Liberal Democrats wà nílé pẹ̀lú ọmọ tuntun. Ọmọ náà kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Wọ́n ti so Swinson pọ̀ mọ́ Brandon Lewis, alága ẹgbẹ́ Conservative, pé òun náà kò ní dìbò. Lewis pa àdéhùn náà mọ́ nínú àwọn ìbò tó kọ́kọ́ wáyé lọ́jọ́ náà. Nígbà tó kan méjì tó le jù lọ, tí wọn ò mọ ẹni tó máa borí, ó wọlé, ó dìbò. Ìjọba fi 307 sí 301 borí nínú ọ̀kan lára wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n ní àṣìṣe ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe òótọ́: mẹ́fà ni wọ́n fi borí, nítorí náà ìbò kan yẹn kọ́ ló gba ìjọba là. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí. Wọ́n fọ́ ẹyin náà lórí ohun tí wọ́n máa rí gbà bí wọn kò tilẹ̀ fọ́ ọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bẹ́ẹ̀ ilé tó kún fún àgbà ni èyí ti ṣẹlẹ̀, ọmọ tuntun gidi ló sì wà nídìí rẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò pẹ́ dé. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 2019, wọ́n fẹ́ dìbò lórí àdéhùn tí May bá Yúróòpù ṣe. Tulip Siddiq, aṣòfin Hampstead and Kilburn, ti gba ọjọ́ tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un láti gbé ọmọ inú rẹ̀. Wọ́n ní kó jẹ́ kí wọ́n so òun náà pọ̀ mọ́ ẹnì kan lápá kejì. Ó rántí Swinson, ó kọ̀. Ó sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú, ó jókòó sínú àga onítáyà, wọ́n tì í wọlé láti wá dìbò. Àdéhùn May fi 432 sí 202 ṣubú. Èèyàn 230 ló wà láàárín àwọn nọ́ńbà méjèèjì. Ilé ò nílò ìbò Siddiq rárá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé kó gbà wọ́n gbọ́ kó sì sùn sílé.

Ní ìparí oṣù náà, ilé ṣe ìlànà tuntun: aṣòfin tó bímọ tàbí tó fẹ́ bímọ lè yan ẹnì kan tó máa bá a dìbò, lákọsílẹ̀. Siddiq ló kọ́kọ́ lò ó. Inú mi dùn sí ìlànà yẹn nígbà náà, ó ṣì dùn sí i dòní. Obìnrin tó bímọ ò gbọ́dọ̀ máa wo ojú ẹnikẹ́ni kó tó lè ṣojú àwọn tó yàn án. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó bí i. Ẹni tó bá rí ìwé tuntun, kó béèrè ẹni tó kú.

## Ìdìbò tí wọ́n ń tọrọ tí wọn ò gbà

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àìgbàgbọ́ yẹn dé ibi tí mi ò rò pé mo lè rí láé. Boris Johnson ti gba ipò May. Ní ọjọ́ kẹta oṣù náà, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, Phillip Lee dìde láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó rìn kọjá sí òdìkejì, ó jókòó sáàárín Liberal Democrats. Bí ìjọba ṣe pàdánù ọmọ ilé tó fi ń borí nìyẹn, lójú gbogbo ayé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, aṣòfin 21 ni wọ́n ti lé kúrò lẹ́gbẹ́ Conservative torí pé wọ́n dìbò lòdì sí ìjọba.

Johnson ní kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n lọ bá aráàlú, ó dábàá ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá fún ìdìbò. Labour ti ń pariwo ìdìbò gbogbogbò láti ọjọ́ yìí wá. Wọ́n gbé e síwájú wọn, wọn ò mú un. Òfin ọdún 2011 ní àfi kí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo aṣòfin, ìyẹn 434, fọwọ́ sí i. Wọ́n rí 298 ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n rí 293 ní ọjọ́ 9. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹwàá, 299.

Ọ̀pọ̀ èèyàn sọ pé ìbẹ̀rù ló mú wọn kọ̀. Bóyá ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n sọ síta rọrùn láti lóye fún ẹnikẹ́ni tó bá ti dá àjọ rí. Lábẹ́ òfin yẹn, bí ilé bá ti gbà pé kí ìdìbò wà, olótùú ìjọba ló máa sọ fún ọbabìnrin ọjọ́ tó máa jẹ́. Ó ti fẹnu sọ ọjọ́ 15. Kí ló máa dá a dúró bó bá tún sún un kọjá ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, nígbà tí Britain lè ti bọ́ kúrò ní Yúróòpù láìsí àdéhùn kankan, tí ilé aṣòfin á sì ti túká? Ẹnu rẹ̀ nìkan ni. Wọ́n sì ti rí i tó fẹ́ ti ilé pa fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún láti oṣù Kẹsàn-án, títí adájọ́ 11 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi sọ pẹ̀lú ohùn kan, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹsàn-án, pé kò bófin mu.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá, wọ́n kọ òfin kékeré kan tí ọjọ́ ìdìbò wà nínú rẹ̀ gan-an: ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2019. Òfin ti sọ ọjọ́, ẹnikẹ́ni ò lè fẹnu yí i. Èèyàn 438 gbà á, 20 kọ̀ ọ́. Èyí tí wọ́n ti ń fà fún oṣù méjì parí láàárín ọjọ́ kan, nítorí pé ìwé ti wà.

## Ìbàdàn ti rí èyí rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn ilé yóò ti rántí ọdún 1962. Ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn, àwòkọ Westminster ni, títí dórí ọ̀pá àṣẹ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, aṣòfin 66 buwọ́ lu ìwé pé àwọn ò fẹ́ Samuel Ládòkè Akíntọ́lá ní olórí ìjọba mọ́. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tó jẹ́ gómìnà, gba ìwé náà, wọ́n yọ Akíntọ́lá, wọ́n fi Dáúdà Adégbénró sípò rẹ̀. Akíntọ́lá ní kò tọ̀nà, pé inú ilé ló yẹ kí wọ́n ti dìbò. Ní ọjọ́ 25, wọ́n wọlé láti dìbò, àga bẹ̀rẹ̀ sí í fò, ọlọ́pàá yin tajútajú. Kí oṣù tó parí, ìjọba àpapọ̀ ti kéde ìjọba pàjáwìrì.

Ẹjọ́ náà rìn títí dé Lọ́ńdọ̀nù níbí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1963, àwọn adájọ́ Privy Council, ilé ẹjọ́ ìkẹyìn fún Nàìjíríà nígbà náà, ní ìwé táwọn aṣòfin buwọ́ lù náà tó, gómìnà kò ṣẹ̀. Kíá ni wọ́n yí òfin padà ní Ìbàdàn kí ìdájọ́ náà má bàa ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé ṣe wà, ìbuwọ́lù wà, ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù wà, àlàáfíà ò sì wà. Ẹni tó bá da ilẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, wọ́n ń sọ ọ́ nílé gbogbo, ṣùgbọ́n kò sí Harrison kan, kò sí Weatherill kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìbàdàn lọ́sẹ̀ yẹn tó lè lọ bá ẹnì kejì kó sì ní, "A ti jọ sọ ọ́."

Ohun tí mo fi ń ronú nípa Westminster nìyẹn nígbàkígbà tí ilé bá ń mì, tí wọ́n bá ń ka orí, tí ọ̀rọ̀ ìdìbò bá tún wà lẹ́nu. Ìwé ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Ó dára kó pọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí ìwé ṣe ń pọ̀, àwọn tó lè rìn lọ bá ara wọn lálẹ́ ń dín kù, a ò sì ní mọ̀ pé wọ́n ti tán àfi lọ́jọ́ tí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ tí kò sí nínú ìwé.

## Pẹ́ńsù

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 2019, mo lọ dìbò. Ọmọ Nàìjíríà ni mí, ẹni tó bá sì wá láti ilẹ̀ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀lì tó ń gbé níhìn-ín lọ́nà tó bófin mu lè dìbò. Òjò ń ṣẹ́, ilẹ̀ ti ṣú. Obìnrin tó jókòó sí tábìlì béèrè orúkọ mi àti ibi tí mò ń gbé. Mo fẹnu sọ ọ́. Ó fa rúlà lọ sórí orúkọ mi, ó ya ìwé ìdìbò fún mi, ó fi ọwọ́ hàn mí ibi tí pẹ́ńsù wà. Kò béèrè nǹkan kan mọ́. Mo dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, torí mi ò gbà á gbọ́. Láti ọdún tí mo ti dé ìlú yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan ní ọ́fíìsì ìjọba gba ọ̀rọ̀ ẹnu mi láìwo ìwé.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2024, èmi àti Màmá la jọ lọ. Òfin ti yí padà, àfi kéèyàn fi ohun tó ní àwòrán hàn. Mo fi páásípọ́ọ̀tù mi hàn. Màmá fi káàdì tí àwọn àgbàlagbà fi ń wọ bọ́ọ̀sì hàn. Ọmọkùnrin náà wo àwòrán, ó wo ojú wọn, ó tún wo àwòrán. Màmá dúró, wọ́n gbé ojú sókè kó lè rí wọn dáadáa. Nígbà tá a jáde, wọ́n ní ọmọ náà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, wọn ò sì sọ nǹkan kan mọ́ títí tá a fi dé ibùdókọ̀.

Owó àjọ oṣù yìí ti pé. Ti Màmá ló kọ́kọ́ wọlé, ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tá a dá. Ìwé náà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, ìbuwọ́lù mọ́kànlá ló wà lórí rẹ̀, tèmi náà wà níbẹ̀, ìlà tiwọn sì ṣófo. Mi ò tíì gbé e padà lọ bá wọn.